Onífọ́tò Ti Yọ Ìpọ́njú Kúrò Lójú Wa

Tẹ́ ẹ bá ṣí fóònù yín láàárọ̀ tẹ́ ẹ rí ẹnì kan tí ojú ẹ̀ funfun bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, tó ń tàn yanran bí iná tírélà lóru, ẹ má pariwo o. Kì í ṣe àǹjọ̀nú. Ọjọ́ ìbí ẹ̀ ni, onífọ́tò ló fi kọ̀ǹpútà fọ ẹyinjú ẹ̀.

Ilé-Ifẹ̀ tá a wà yìí ti di ìlú olójú-iná. Láti Lágéré títí dé ẹnu géètì yunifásítì, gbogbo sítúdíò ló gbé àwòrán gàgàrà síta, ojú wọn á máa wo èèyàn bí ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde ló le jù. Ọmọ tó fi odidi sẹmẹ́sítà jí kàwé, tójú ẹ̀ ti wọnú tó tún pọ́n kuku, á yá kóòtù, á lọ dúró níwájú Oduduwa Hall, tí fọ́tò bá wá jáde báyìí, ojú á mọ́ gaara bí ojú ẹni tí ò ṣí ìwé rí láyé ẹ̀.

Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ náà, ìpọ́njú. Ojú tó pọ́n, abi? Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹyinjú nìyà ti ń kọ́kọ́ yọ. A gbààwẹ̀ sí i, a gun orí òkè, a sanwó ìpèsè, kò lọ. Àṣé máòsì ló ń lé e.

Èmi gan-an ò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ ṣá. Ìyá mi pé 70 ọdún, mo ní ká ya fọ́tò tá a máa fi ṣe báńnà, mo bá mú wọn lọ sí sítúdíò kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ojú màmá máa pọ́ọ̀pù." Mo ní kí ló fẹ́ bẹ́?

Mo jókòó tì í nídìí laptop. Ó fẹ ojú ọ̀tún ìyá mi títí tó fi kún gbogbo síkíríìnì, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, torí mi ò wo ojú ìyá mi súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Funfun ojú yẹn ò funfun rárá, ó rí bí ẹ̀kọ tó ti sùn. Iṣan pupa tín-tìn-tín méjì mẹ́ta wà lẹ́bàá imú, ìpéǹpéjú ṣíji bò ó lókè, nínú dúdú ojú sì rèé, fèrèsé sítúdíò wọn hàn níbẹ̀, kékeré, igun mẹ́rin, bọ̀ọ̀dá onífọ́tò fúnra ẹ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà. Ìyá mi gbé e sójú láìmọ̀.

Ó pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun funfun ojú bí ẹni tó ń kun ògiri, ó lé òjìji ìpéǹpéjú dànù, ó yọ fèrèsé, ó wá fi òrùka iná roboto síbẹ̀, èyí tó ń wá látara ring light tí ò sí nínú yàrá yẹn rárá. Òsì ni ìmọ́lẹ̀ ti kan ojú màámi, apá ọ̀tún ló lẹ òrùka mọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ dúdú ojú di àwọ̀ oyin. Mo ní ìyá mi kì í ṣe ológbò. Ó ní bó ṣe ń lọ nìyẹn báyìí.

Ẹ má rò pé mo lòdì sí àtúnṣe o. Bàbá kan tí mo mọ̀ n'Iléṣà, tó ti ń fi pẹ́ńsù tún nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò, ṣe kí Photoshop tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà tó jáde lọ́dún 1990, sọ fún mi pé iṣan kan ṣoṣo tó bá pọ̀ jù lèèyàn ń yọ, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òjìji ìpéǹpéjú, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lódìkejì ibi tí iná ti tàn sójú ti tó, kó wá sún sẹ́yìn wò ó láti ọ̀nà jíjìn, kó sì dín ohun tó ṣe kù sí ìdajì. Ó ní tójú bá ti funfun ju eyín lọ, o ti bà á jẹ́. Àwọn tó rọ orí idẹ tí wọ́n hú lágboolé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀ níbí lọ́dún 1938 gan-an, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ wọn, wọn ò fín dúdú ojú sí wọn. Ó ti lé ní 500 ọdún, a ṣì ń pè é lójú èèyàn.

Ọjọ́ òde pé, a gbé báńnà kọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin dé láti Iléṣà, wọ́n dúró níwájú ẹ̀, wọn ò mira. Wọ́n wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, "Ṣé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún àbúrò mi tẹ́ ẹ ò sọ fún mi ni?" Ìyá mi ò tiẹ̀ bínú, wọ́n kàn wò ó títí, wọ́n ní, "Gbogbo ohun tójú mi ti rí láti 70 ọdún, ibo lọmọ yẹn kó o dà sí?"

Báńnà yẹn ṣì wà ńlé. Nígbà tójò bẹ̀rẹ̀, mo fi bo ilé adìyẹ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko làwọn adìyẹ fi sùn síta nínú òjò, wọn ò jẹ́ wọlé, àfìgbà tí mo yí ojú ẹ̀ sódì.