Ọmọ àkàndá ẹ̀dá kọ́ ló ń fa kíláàsì sẹ́yìn

Láti Mushin dé Ṣómólú, bí àwọn òbí bá ti pàdé nílé ìwé, ọ̀rọ̀ yìí kì í pẹ́ jáde. Bí wọn ò sọ ọ́ ní gbangba, wọ́n á fa tíṣà sí kọ̀rọ̀: “Àǹtí, ẹ má bínú o. Àánú ọmọ yẹn ń ṣe èmi náà, àmọ́ ṣé wọn ò lè mú un lọ sí ilé ìwé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ni? Ó ń fa àwọn ọmọ wa sẹ́yìn.” Ọmọ tí wọ́n ń wí lè jẹ́ èyí tí kò gbọ́ràn dáadáa, tàbí èyí tí kò ríran, tàbí èyí tí nǹkan kì í tètè yé. Ẹni tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ìkà. Ọjọ́ ọ̀la ọmọ tiẹ̀ ló ń rò. Síbẹ̀, ohun tó gbà gbọ́ yẹn kì í ṣe òótọ́, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò níbi tó yẹ kí wọ́n jókòó sí.

Àwọn kan ti wádìí ẹ̀. Lọ́dún 2007, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Manchester kó ìwádìí tí àwọn èèyàn ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ, wọ́n wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ yòókù nígbà tí àkàndá ẹ̀dá bá wà láàárín wọn. Ìdá 81 nínú 100 àbájáde tí wọ́n rí ló fi hàn pé yálà ó ṣe àwọn ọmọ náà láǹfààní, tàbí kò dí wọn lọ́wọ́ rárá. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ láti Pólàǹdì ṣe èyí tó tóbi ju ìyẹn lọ: ìwádìí 47, tí àwọn ọmọ inú ẹ̀ sún mọ́ mílíọ̀nù 5. Àwọn tó ń bá àkàndá ẹ̀dá kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ fi díẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Díẹ̀ ni o, mi ò ní bù mọ́ ọn.

Kò yà mí lẹ́nu, torí iwájú pátákó ni mo wà lójoojúmọ́.

Bí ọmọ tí kò ríran bá wà ní kíláàsì, tíṣà gbọ́dọ̀ máa ka ohun tó ń kọ sójú pátákó sókè, bó ṣe ń kọ ọ́. Kò lè nawọ́ kó sọ pé “ẹ yọ èyí kúrò nínú ìyẹn.” Ó ní láti sọ ọ́ tán: “Ẹ yọ 18 kúrò nínú 45. 8 ò ṣeé yọ nínú 5, ẹ jẹ́ ká yá 10.” Ẹ wá wo ọmọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, tí oòrùn ojú fèrèsé ń mú pátákó dán mọ́ lójú, tí ẹnikẹ́ni nílé ò sì tíì mọ̀ pé ó nílò awò. Òun náà ti gbọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ohun tí mo fi ń dá wọn mọ̀ ni pé wọn kì í wo pátákó, ìwé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni wọ́n máa ń dà kọ. Olódo ni a máa ń pè wọ́n, tàbí ká ní wọ́n ń jí ìwé wò.

Ní Sùúrùlérè, láti 1962 ni ilé ìwé Pacelli ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran, tí wọ́n ń fi ìka ka àmì Braille. Àwọn tó jáde níbẹ̀ ti bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ girama láàárín àwọn tó ríran, kíláàsì ò sì tìtorí ìyẹn dojú dé.

Ti ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa ńkọ́? Ariwo Èkó kò kéré. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ògiri, kọ̀ǹdọ́ ń pe “Ojúẹlẹ́gba! Ojúẹlẹ́gba wọlé!” lójú títì. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ jókòó síwájú, kó jìnnà sí fèrèsé títì, kí etí tó fi ń gbọ́ dáadáa kọjú sí tíṣà. Tíṣà ò gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí wọn kó máa bá pátákó sọ̀rọ̀. Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń sọ Yorùbá gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn: ẹni tó ń wo ètè kò lè rí ohùn. Bí mo bá sọ igbá, bí mo bá sọ igba, bí ètè mi ṣe ń ṣe kò yàtọ̀. Nítorí náà, mo máa ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun sójú pátákó, pẹ̀lú àmì orí wọn, kí n tó la ẹnu. Àwọn mélòó ni ìyẹn ń ràn lọ́wọ́? Gbogbo ọmọ tí etí ẹ̀ ń tú, tí òtútù sì máa ń dí i pa, wà níbẹ̀. Àwọn tó jẹ́ pé èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ nílé náà wà níbẹ̀.

Ohun tó ń fa kíláàsì sẹ́yìn gan-an, ní tèmi, ni “Ṣé ó yé yín?” Ẹ mọ ìdáhùn ẹ̀: “Ó yé wa, mà!” Gbogbo wọn á pariwo ẹ̀ pọ̀, àwọn tí kò yé gan-an ló máa ń pariwo jù. Bí ọmọ tí nǹkan kì í tètè yé bá wà láàárín wọn, ìyẹn ò lè tó mọ́. Màá ní kí ẹnì kan fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe. Màá gé iṣẹ́ náà sí kéékèèké. Màá kó ìdérí ìgò míńrà sílẹ̀, ká fi pín 12 sí ọ̀nà 3 lójú gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú pé àwọn tó ti há ìsọdipúpọ̀ sórí látòkè délẹ̀ ò mọ ohun tí wọ́n ń há.

Mo tún máa ń pín wọn ní méjì-méjì, kí ọmọ máa ṣàlàyé fún ọmọ. Ẹni tó ń ṣàlàyé ni nǹkan ń yé jù. Bí ìyá kan bá ní òun ò rán ọmọ òun wá ṣe tíṣà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pààrọ̀ wọn, kó má di ẹrù ẹnì kan.

Ibi tó ti le wà o. Ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, tó ń lu ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tàbí tó ń ké ṣáá, tíṣà kan ṣoṣo ò lè dá a bójú tó. Àgbàlagbà kejì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bákan náà, ọmọ adití tó ń fi èdè ọwọ́ sọ̀rọ̀ nílò àwọn tí wọ́n jọ ń sọ ọ́, ìyẹn ló mú kí ilé ìwé Wesley ní Sùúrùlérè wúlò gan-an. Nítorí ire ọmọ náà ni kí wọ́n ṣe mú un lọ síbẹ̀, kì í ṣe nítorí ìbẹ̀rù àwọn òbí ẹlòmíràn.

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní ọmọ 35 ni kó wà lọ́dọ̀ tíṣà kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọjú sí ilé ìwé ìjọba tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ kà wọ́n. Bí wọ́n bá pọ̀ tó ìlọ́po méjì ìyẹn, báwo la ṣe máa wá di ẹ̀bi ru ọmọ kan? Òfin lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, sì sọ pé ilé ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ ìkọ́ni àwọn àkàndá ẹ̀dá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá tún lọ sípàdé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé: ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì yìí? Ìgbà wo ni wọ́n yẹ ojú àti etí wọn wò kẹ́yìn? Ẹni tí òfin ní kó wà níbí dà?