Làwánì Ìbàdàn, ọmọ agboolé wo?

Gbogbo 15 January, ọjọ́ ìrántí àwọn sójà wa tó kú sógun, la máa ń kọ ọ́ síbí pé kí ìjọba wá orúkọ wọn jáde, wọn ò dá wa lóhùn rí. Wọ́n á gbé òdòdó sílẹ̀, wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á tú ẹyẹlé (tí òmíì kì í tiẹ̀ fẹ́ fò), ó tán, ó di ẹ̀ẹ̀míì. Orúkọ àwọn tó kú ńkọ́?

Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí tiwa parí lọ́dún 2025 ni wọ́n ṣí ibi ìrántí ní Cape Town fún àwọn dúdú tó bá ìlú ọba ṣiṣẹ́ nínú ogun àgbáyé kìíní, òpó igi kọ̀ọ̀kan fún èèyàn 1,772, orúkọ kálukú lára tiẹ̀. Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn tó kú sógun ìlú ọba, ló ṣe é, àwọn kan náà tí Ben Wallace, mínísítà ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, torí wọn tọrọ àforíjì nílé ìgbìmọ̀ ní April 2021, pé wọn ò ka òkú dúdú sí bíi ti òyìnbó. Ní 1923, Guggisberg tó jẹ́ gómìnà Gold Coast (Ghana òde òní) ní ọmọ ilẹ̀ yẹn ò lè mọ ìwúlò òkúta ojú sàréè. Ojú yẹn náà ni wọ́n fi wo gbogbo wa, àwa tí bàbá wa máa ń gé irun àti èékánná ẹni tó kú sójú ogun wá sin sílé!

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi òyìnbó sílẹ̀ ná. Àwọn tó lọ ja ogun Hítílà ní Bóma, orúkọ ìlú ni wọ́n fi ń ṣe orúkọ bàbá fún ọ̀pọ̀ nínú wọn nínú ìwé sójà, tó o bá ń jẹ́ Làwánì tó o wá láti Ìbàdàn, o di Làwánì Ìbàdàn nìyẹn. Tírú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá wà lára ògiri ìrántí ní Rangoon, ta ni ní London ló fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ Òjé ni àbí ọmọ Kúdẹtì? Ilé ni wọ́n ti máa mọ̀ ọ́n, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n ń kú lọ.

Màmá kan wá sí ọ́fíìsì wa, inú agolo Bournvita ni wọ́n kó fọ́tò bàbá wọn sí. Kòkòrò ti jẹ ẹsẹ̀ bàbá náà tán, ó ku ojú àti fìlà, nọ́ḿbà sójà sì wà lẹ́yìn ẹ̀, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́. Inú ìyá wọn ni wọ́n ṣì wà tí bàbá fi lọ sógun. Màmá ò bèèrè owó o, wọ́n kàn ní kí wọ́n ṣáà sọ ibi tí wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀yin káńsù, ẹ rán èèyàn méjì péré sí agboolé, kí wọ́n bi àwọn àgbà pé ta ló lọ tí ò padà wá. Kí Abuja náà kó ìwé sójà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ síta ká fi wé e. Kí ló le ńbẹ̀? A mọ̀ pé kọmítì ni wọ́n máa sọ, ẹ jọ̀ọ́, a ò fẹ́ kọmítì, màmá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún.

A ti ya ẹ̀dà fọ́tò náà, iwájú àtẹ̀yìn. Ọ́fíìsì ìjọba tó bá nílò nọ́ḿbà yẹn, kó wá gbà á.