Omi ọmú kọ́ ló ń bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà

Ẹni tó kọ ọ́ sókè, lábẹ́ ìròyìn lórí omi ọmú yìí, pé kí ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O má fún ọmọ tó jẹ́ A lọ́mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dẹ́rù ba àwọn abiyamọ. Èmi gan-an, O ni mí, A ni àkọ́bí mi. Lọ́jọ́ kejì tí mo bí i, ara rẹ̀ pọ́n bí ẹni fi epo pa á, wọ́n bá gbé e sábẹ́ iná búlúù. Ìyá ọkọ mi ní ọmú mi ni. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló là á yé wa pé àwọn sójà ara mi tó ń bá A jà ti gba inú ibi ọmọ wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí n tó bí i. Kódà, ọmú tó ń mu ló ń mú un yàgbẹ́, inú ìgbẹ́ ni pípọ́n náà sì ń bá jáde.

Àmọ́ oníròyìn tó kọ ìròyìn náà ṣì wí, tó ní omi ọmú gbogbo ìyá kan náà ni. Ẹ gbọ́ ibi tí ìyàtọ̀ ti wá. Ṣúgà kan ṣoṣo ní ìparí okùn ṣúgà tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ló ya A sọ́tọ̀ sí B. O kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Jíìnì kan tí a ń jogún, FUT2, ló ń pinnu bóyá irú àmì ṣúgà yẹn á hàn nínú itọ́ àti omi ọmú. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni tirẹ̀ kì í ṣiṣẹ́. Omi ọmú irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò ní ṣúgà inú ọmú kan tó ń jẹ́ 2'-fucosyllactose, bẹ́ẹ̀ ọmọ wọn ń mu ún, ó ń sanra.