Ta ló rí òòlù lọ́wọ́ Luther?

Lọ́dọọdún, bí October 31, tí a fi ń ṣe ìrántí bí ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ṣe bẹ̀rẹ̀, bá ti ń sún mọ́lé, àwòrán kan náà ni àwa Kristẹni máa ń pín kiri: Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì, di òòlù mú, ó ń fi ìbínú kan ìwé kókó ọ̀rọ̀ 95 rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ààfin ní ìlú Wittenberg, èrò sì pé lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rí i?

Ìwé tí Luther kọ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, síbẹ̀ kò sọ nínú ọ̀kankan pé òun fi òòlù kan ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. Melanchthon ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà síta ní 1546, lẹ́yìn tí Luther ti kú, August 1518 ni òun alára sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Wittenberg. Rörer, tó jẹ́ akọ̀wé Luther, náà kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà ló pè é, kì í ṣe ẹyọ kan. Òun náà kò sí níbẹ̀. Láti 1961 tí Erwin Iserloh, àlùfáà Kátólíìkì tó jẹ́ onímọ̀ ìtàn, ti gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn lé e.

Ìlú kékeré létí odò Elbe ni Wittenberg nígbà náà, èèyàn bí ẹgbẹ̀rún méjì ló ń gbé ibẹ̀. Friedrich, olórí ilẹ̀ Saxony tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́gbọ́n, ló kọ́ ààfin náà, òun ló sì dá yunifásítì sílẹ̀ ní 1502. Yunifásítì náà ló ń lo ṣọ́ọ̀ṣì ààfin, ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì ń lẹ ìkéde mọ́. Tí olùkọ́ bá fẹ́ pe àríyànjiyàn, ìránṣẹ́ yunifásítì ló yẹ kó lọ lẹ ìwé rẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá tilẹ̀ lẹ ìwé Luther, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni, kì í ṣe ọ̀tẹ̀. Èdè Látìnì ló sì fi kọ ọ́. Ìyá ọlọ́jà tó ń kọjá lọ kò lè kà á.

Ohun tó dájú ni lẹ́tà. Ní October 31, 1517, Luther kọ̀wé sí Albrecht, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz, nítorí ìwé ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń tà fún aráàlú, ó sì fi kókó ọ̀rọ̀ 95 náà sínú rẹ̀. Lẹ́tà ọ̀hún wà ní Stockholm dòní. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ náà ní Nuremberg, Leipzig àti Basel. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló gbé e káàkiri.

Ilẹ̀kùn tí àwọn àlejò ń yà ní fọ́tò lónìí ńkọ́? Ogun ti jó ti àtijọ́ ní 1760. Idẹ ni ti ìsinsìnyí, 1858 ni wọ́n gbé e síbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé òòlù yìí ti bo àwọn ará ìlú yòókù mọ́lẹ̀. Lucas Cranach, ayàwòrán ààfin láti 1505, ní ilé oògùn, ó ní ilé ìtẹ̀wé, ó sì di olórí ìlú. Ọwọ́ rẹ̀ la ti mọ bí ojú Luther ṣe rí. Anton Wilhelm Amo náà ńkọ́, ọmọ Axim ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana báyìí? Ní 1734, ní yunifásítì Wittenberg yẹn kan náà, ọmọ adúláwọ̀ yìí dìde, ó sì fi Látìnì gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọkàn àti ara níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó tún padà ṣe olùkọ́ ní Halle àti Jena. Mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì.