Ta ló ní ẹ̀sìn kan, èrò kan ni gbogbo ará Òkè Ọya?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi. Àná ni àǹtí mi kan n'Íbàdàn fi voice note sórí gúrúùpù ẹbí wa lórí WhatsApp, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ra ní Kubwa l'Ábújá tí mo wà yìí o, pé Mùsùlùmí ni gbogbo ará Òkè Ọya, nǹkan kan náà ni gbogbo wọn gbà gbọ́, tẹ́nì kan bá ti sọ̀rọ̀ gbogbo wọn ló sọ ọ́ yẹn. Ṣe làwọn èèyàn ń ṣe àmín sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, torí láti 1998 ni mo ti wà ní Kaduna kí n tó wá s'Ábújá, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ Abuja gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn, Kírísítẹ́nì ni. Ẹ lọ sí Plateau, ẹ lọ sí Benue, ẹ lọ sí Southern Kaduna, ṣọ́ọ̀ṣì lẹ máa rí. Kódà nínú Haúsá fúnra wọn, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Maguzawa, ẹ̀sìn baba ńlá wọn ni wọ́n dì mú, àwọn míì nínú wọn sì ti di onígbàgbọ́. Sharia tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn náà, ìpínlẹ̀ 12 ló gbé e wọ òfin ọ̀daràn nínú 19 tó wà l'Ókè Ọya, Abuja ò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń ká mi lára jù ni ti "nǹkan kan náà ni wọ́n gbà gbọ́". Lándìlọ́ọ̀dù wa ní Kaduna, Alhaji, Tijaniyya ni wọ́n, ìyẹn ẹgbẹ́ súfí kan nínú Ìsìláàmù. Àbúrò wọn tí wọ́n jọ ń gbé, Izala ni, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tó ta ko àwọn súfí. Ọmọ ìyá kan náà o! Mọ́ṣáláṣí wà lẹ́nu ọ̀nà wa níbẹ̀, àbúrò ò kírun níbẹ̀ rí, á gun ọ̀kadà lọ sí ti àwọn tiẹ̀ torí ó ní òun ò lè kírun lẹ́yìn lèmọ́ọ̀mù tó ń ka Salatul Fatih, àdúrà tí àwọn Tijaniyya fi ń tọrọ ìkẹ́ fún Ànábì. Tó bá di Máólúdì, Alhaji á se oúnjẹ, wọ́n á fi ewì yin Ànábì mọ́jú, àbúrò á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ní àdádáálẹ̀ ni. Ilẹ̀ á mọ́, á wá dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Èwo nínú àwọn méjì yìí ló ń gbẹnu sọ fún gbogbo ará Òkè Ọya?

Jos ni wọ́n ti dá Izala sílẹ̀ lọ́dún 1978, àdádáálẹ̀ ni wọ́n sì ní àwọn fẹ́ mú kúrò, Tijaniyya àti Qadiriyya, ẹgbẹ́ súfí míì, ni wọ́n ń bá wí, Mùsùlùmí ẹgbẹ́ wọn. Ẹ sì rántí pé Qadiriyya yẹn ni Usman dan Fodio fúnra ẹ̀ ń ṣe! Òun náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ jìhádì lọ́dún 1804, àwọn ọba Haúsá tó gbógun tì ń pe ara wọn ní Mùsùlùmí. Ogun yẹn dé Borno, El-Kanemi, aṣáájú àwọn ará Borno, bá kọ lẹ́tà sí Muhammad Bello ọmọ dan Fodio, ó ní kí làwọn ṣe, pé lóòótọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ wà láàárín àwọn, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ò sọ Mùsùlùmí di kèfèrí. Bello náà fèsì, wọ́n ń kọ lẹ́tà síra wọn. Àwọn ààfáà ńlá ni wọ́n, láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń jiyàn lórí ohun tí ẹ̀sìn jẹ́.

Ti òṣèlú náà ńkọ́? Sardauna, Ahmadu Bello, tó wá láti ìdílé dan Fodio, NPC ló ń darí, ẹgbẹ́ òṣèlú tí àwọn ẹ́míà tì lẹ́yìn. Aminu Kano, ilé onímọ̀ ẹ̀sìn ni wọ́n ti bí i ní Kano, òun ló wá di olórí NEPU, ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1950, ó ní Ìsìláàmù kan náà ló ní kí òun dúró ti tálákà tí àwọn ẹ́míà ń ni lára. Kùránì kan náà, ọ̀tọ̀ lohun tí oníkálukú rí níbẹ̀.

Mi ò sọ pé ìjà ẹ̀sìn ò ṣẹlẹ̀ o. Lóṣù kejì ọdún 2000 mo wà ní Kaduna, mo rí òkú nílẹ̀, mo rí ilé tó ń jó. Inú yàrá ẹ̀yìn ni Alhaji kó èmi àtàwọn ọmọ mi sí, àwọn àti àbúrò wọn jókòó sẹ́nu géètì ní gbogbo òru. Mo ń gbóhùn wọn. Alhaji ní àmánà ni wá lọ́wọ́ àwọn, ìyẹn ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ àwọn, aládùúgbò ni wá, ó parí. Àbúrò ní rárá, kì í ṣe torí aládùúgbò, pé Kùránì ló sọ pé ẹni tó pa ẹ̀mí kan bí ẹni pa gbogbo èèyàn ni, pé bí a ò tiẹ̀ mọra rí, òun á jókòó síbẹ̀. Ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n ń jiyàn ẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àsùbáà.