Javadoc kì í báni kọ ìwé àlàyé

Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń kọ kóòdù ló gbà pé tí a bá ti lè fi Javadoc tàbí Doxygen (irinṣẹ́ tó ń ka kóòdù, tó sì ń ti inú rẹ̀ gbé ìwé àlàyé jáde) síbi iṣẹ́, wàhálà ìwé àlàyé ti tán: ẹ̀rọ á máa bá wa kọ ọ́, irọ́ kankan ò sì lè wọ inú rẹ̀, torí inú kóòdù ló ti ń jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Orúkọ function (apá kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan), ohun tó ń gbà àti ohun tó ń dá padà, inú kóòdù gan-an ni irinṣẹ́ yìí ti ń fà wọ́n yọ. Apá yẹn ṣeé fọkàn tán. Àmọ́ gbólóhùn tí èèyàn fọwọ́ kọ sínú kọ́mẹ́ǹtì (àlàyé inú kóòdù tí kọ̀ǹpútà kì í ṣiṣẹ́ lé lórí), bó ṣe bá a ló ṣe ń gbé e jáde. Ẹ wo èyí, níbi tí @param ti ń ṣàlàyé iye, ohun tí function náà ń gbà:

/** @param iye owó tí a fẹ́ gbà, ní náírà */
void gbaOwo(int iye)

Ká ní ẹnì kan wá yí inú function yìí padà kó lè máa fi kọ́bọ̀ ṣírò, tí kò sì fọwọ́ kan kọ́mẹ́ǹtì. Int, irú nọ́ńbà tí function náà ń gbà, ò yí padà. Javadoc á gbé ojú ìwé tó ń dán jáde, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kà á, tó fi 5000 sí i pé náírà 5,000 lòun fẹ́ gbà, náírà 50 ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́. Doclint, ohun tó ń yẹ kọ́mẹ́ǹtì Javadoc wò, tó wọ inú Java 8 lọ́dún 2014, á pariwo tí orúkọ tó tẹ̀ lé @param ò bá sí nínú kóòdù. Kò lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni gbólóhùn náà ń sọ.

Ti Doxygen ló tiẹ̀ ń dùn mí jù. Tí ẹ bá kọ EXTRACT_ALL = YES sínú ètò rẹ̀, á fi function tí ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé sínú ìwé pẹ̀lú ìyókù, á sì tún pa ìkìlọ̀ tó yẹ kó sọ fún yín pé àlàyé ò sí. Ìwé á nípọn, òfìfo ló máa wà nínú rẹ̀.

Rust, èdè ìkọ kóòdù kan, ló sún mọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń rò yìí jù: àpẹẹrẹ kóòdù tó bá wà nínú kọ́mẹ́ǹtì ///, cargo test, àṣẹ tí wọ́n fi ń dán kóòdù Rust wò, á dán an wò. Àpẹẹrẹ nìkan ṣá o. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ tún wo Sphinx, irinṣẹ́ ìwé àlàyé mìíràn. Torí ìwé àlàyé èdè ìkọ kóòdù Python ni Georg Brandl ṣe ṣe é, ó sì jáde lọ́dún 2008. Ó lè fa docstring, ìyẹn àlàyé tí wọ́n kọ sínú kóòdù Python fúnra rẹ̀, yọ dáadáa. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé Python, èèyàn ló jókòó kọ ọ́ sínú fáìlì ọ̀tọ̀, torí kò sí function tó mọ ibi tó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti bẹ̀rẹ̀.