Kí Ìjọba Ṣí Àkáǹtì Owó Ilé-Ìwé fún Gbogbo Ọmọ Tuntun

Ọmọ tí wọ́n bí lónìí, ó ku nǹkan bí ọdún 18 kó wọ yunifásítì. Kò sí òbí tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìnáwó ńlá tó ń wọlé tọ ìdílé, owó ilé-ìwé gíga wà lára èyí tó máa ń bá èèyàn lójijì jù. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ní kì í pa arọ tó bá gbọ́n, àmọ́ ogun tí à ń wí yìí ń ká ẹlẹ́sẹ̀ méjì mọ́lé.

A ò gbà pé àìbìkítà ló fà á. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ò tíì sùn dáadáa, ó ń san owó ilé ìwòsàn, ó ń wá ẹni tí yóò bá a gbọ́mọ kó lè padà síbi iṣẹ́. Ọdún 18 jìnnà sí i bí ọ̀run. Ìgbà tó sì yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í fowó pamọ́ gan-an nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ìjọba ṣí àkáǹtì owó ilé-ìwé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti forúkọ ìbí rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fi owó àkọ́kọ́ sínú rẹ̀, láìdúró kí òbí kọ̀wé béèrè.

Àìdúró yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Ẹ wo Kánádà. Wọ́n ní àkáǹtì kan níbẹ̀ tí òbí fi ń tọ́jú owó ilé-ìwé gíga ọmọ, wọ́n ń pè é ní RESP. Bí òbí bá fi 100 dọ́là sí i, ìjọba àpapọ̀ á fi 20 dọ́là lé e, títí dé 500 dọ́là lọ́dún, tí gbogbo rẹ̀ kò sì ní ju 7,200 lọ fún ọmọ kan. Fún ọmọ tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé fún àwọn òbí rẹ̀, ètò Canada Learning Bond lè fún un ní 2,000 dọ́là, kódà bí òbí ò bá fi owó kankan sílẹ̀. Owó ọ̀fẹ́ ni! Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tó tọ́ sí ni kò rí i gbà, nítorí òbí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba nọ́mbà ìdánimọ̀ fún ọmọ, kó lọ ṣí àkáǹtì, kó kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù. Ìyá tó ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè jókòó síwájú òṣìṣẹ́ báǹkì? Àwọn tí wọ́n torí wọn dá ètò náà sílẹ̀ ni ètò náà ń fò dá. Ìjọba Kánádà pàápàá rí i: nínú ètò ìṣúná ọdún 2024, ó kéde pé òun fẹ́ máa ṣí àkáǹtì náà fún àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fúnra òun.

Ní ìpínlẹ̀ Maine l'Amẹ́ríkà, àjọ aláàánú kan ń fún ọmọ tuntun ní 500 dọ́là fún ẹ̀kọ́ gíga. Níbẹ̀rẹ̀, òbí ló ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ò sì ṣe é. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ti gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ní ìpínlẹ̀ náà, ìṣòro yẹn tán.

Èyí tó wú wa lórí jù ni ti Oklahoma. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ fi kèké yan àwọn ọmọ tuntun kan níbẹ̀, wọ́n ṣí àkáǹtì fún wọn, wọ́n fi 1,000 dọ́là sí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fi àwọn ọmọ mìíràn tí kò gba nǹkan kan wé wọn. Ọdún ń gorí ọdún, ìrètí àwọn ìyá tí ọmọ wọn ní àkáǹtì pé ọmọ àwọn yóò kàwé jìnnà kò já bíi ti àwọn yòókù. 1,000 dọ́là ò lè san owó yunifásítì. Àmọ́ ìyá tó ń rí orúkọ ọmọ rẹ̀ lórí ìwé owó ilé-ìwé mọ̀ pé ẹnì kan ti fọkàn sí i pé ọmọ náà yóò débẹ̀.

Àwọn kan á ní ìjọba ò ṣeé gbára lé, wọn ò sì jayò pa. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí láàárín oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011 ní owó ìfowópamọ́, 250 pọ́n-ùn fún ọ̀pọ̀ wọn níbẹ̀rẹ̀. Ìjọba mìíràn dé, ó fòpin sí i. Àwọn ọmọ náà ti ń pé ọdún 18 láti ọdún 2020, síbẹ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye nínú wọn ni kò tíì gba owó tó jẹ́ tiwọn, torí wọn ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ṣíṣí àkáǹtì nìkan ò tó. Lẹ́tà gbọ́dọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ ọmọ lọ́dọọdún, kí orúkọ rẹ̀ àti iye owó rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

Àwọn òbí náà ní tiwọn láti ṣe. Ẹni tó bá ń fi 20 dọ́là pamọ́ lóṣooṣù láti ìgbà ìbí, tí owó náà ń mú èlé ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún wá lọ́dún, yóò ní nǹkan bí 7,000 dọ́là nígbà tí ọmọ bá pé ọdún 18, bẹ́ẹ̀ 4,320 péré ló ti àpò rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá dúró títí ọmọ fi pé ọdún 10 kó tó bẹ̀rẹ̀, bóun náà bá fẹ́ ní 7,000, nǹkan bí 59 ni yóò máa fi sílẹ̀ lóṣù. Bí ọdún ìwọlé bá wá ń sún mọ́, kí ó kó owó náà kúrò nínú ìpín ìdókòwò tó lè já wálẹ̀ lójijì.

Ohun kan tún wà tí ìfẹ́ ọmọ kì í jẹ́ ká rí: ẹ má fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì yín. Ọmọ lè yáwó kàwé. Báǹkì wo ló ń yá arúgbó lówó oúnjẹ?

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin níbikíbi tí owó ilé-ìwé bá ti ń wúwo lọ́rùn ìdílé kò ṣòro. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń forúkọ ìbí sílẹ̀ ti ní orúkọ ọmọ àti ti òbí lọ́wọ́. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó àkáǹtì náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí owó ọmọ tálákà jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọmọ olówó, kí òfin sì ká ìjọba tó ń bọ̀ lọ́wọ́ kò láti kó èyí tó ti wọlé jáde.